Ẹ̀rọ àwọ̀sára láti fi wá àgbàlagbà tó ṣìnà: rédíò wo, GPS wo ni ká rà?

Ní Okpomèta àti ní àwọn abà tó yí i ká, ohun tó ń já ẹbí láyà ni àgbàlagbà tó jáde lọ sóko láàárọ̀, tí oòrùn wọ̀, tí kò tíì dé. Ìgbàgbé ti mú un. Ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré ti di àjèjì lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ káàkiri nínú àgbàdo. Àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ tíṣà máa ń bi wá bóyá a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí irú bàbá tàbí ìyá bẹ́ẹ̀ á wọ̀ sára, tí á máa sọ ibi tó wà. A lè ṣe é. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́jà. Àmọ́ èyí tí kò bá ibí mu pọ̀ níbẹ̀, owó sì lè ṣòfò.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà. Ìkejì ni kó sọ fún ẹni tó wà nílé. GPS kò ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ń yí ayé ká ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, wọ́n ń kéde àkókò. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín ń gbọ́ mẹ́rin nínú wọn ó kéré tán, ó ń ṣírò bí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó dé, ó sì ti mọ ibi tó wà. Kì í dá wọn lóhùn. Sátẹ́láìtì kò mọ̀ pé ìyá àgbà kankan wà láyé. Nítorí náà GPS kì í jẹ kírẹ́dì, kò sì nílò réseau. Nínú oko tí kò sí pylône nítòsí, ó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu.

Iṣẹ́ kejì ló le. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé rédíò ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó ronú kan GPS. (Kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Apá tó ń ju ọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ là ń wí.)

Bluetooth àti WiFi

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wọn fún iṣẹ́ yìí. Bluetooth kì í jìnnà. AirTag tí Apple gbé jáde ní 2021, Bluetooth ló ń lò. iPhone àwọn tó ń kọjá ló ń bá a sọ ibi tó wà. Ní Paris, iPhone ń kọjá ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lójú ọ̀nà oko tiwa ńkọ́? Apple fúnra rẹ̀ sì sọ pé ẹrù ni AirTag wà fún, kì í ṣe èèyàn. Google bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ fún Android ní 2024, Android sì pọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé-iṣẹ́, ibi tí fóònù ti pọ̀ ló wà fún. Fóònù kan ṣoṣo tó kọjá nínú igbó kò ní sọ nǹkan kan, àfi tí ẹni tó ni ín bá yí ètò rẹ̀ padà. Pákó kékeré ESP32 tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ní WiFi àti Bluetooth nínú. Ó dáa láti fi ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kí ẹ pa WiFi rẹ̀, torí ó ń mu iná bí ẹni mu omi.

SIM

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ̀rọ ní SIM tirẹ̀, kó máa fi SMS ránṣẹ́. SMS sàn ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún èyí: ó ń kọjá níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ní ṣí, fóònù alábọ́tìnnì pàápàá sì lè gbà á. MTN, Moov àti Celtiis ló wà ní Benin. Kí ẹ tó ra SIM èyíkéyìí, ẹ mú fóònù lọ́wọ́, ẹ rin gbogbo ọ̀nà tí àgbàlagbà náà máa ń gbà, títí dé odò, títí dé oko àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ń ro ó mọ́, torí ibẹ̀ ni ẹni tí ìgbàgbé mú sábà máa ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí réseau kọ̀ọ̀kan ti kú. Ẹ ṣe é nígbà tí àgbàdo bá ga, kì í ṣe nínú ọyẹ́ nìkan tí gbogbo pápá ti gbẹ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ààlà: nítòsí Nàìjíríà, ẹ̀rọ lè lọ so mọ́ réseau òdìkejì, SMS á máa jẹ owó ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó má lọ rárá. Ẹ tò ó kó mọ réseau kan ṣoṣo.

Ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jù ni SIM800L. Ó kéré, kò wọ́n, àmọ́ 2G nìkan ló mọ̀. AT&T ní Amẹ́ríkà ti pa 2G tirẹ̀ láti òpin 2016, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ wo A7670E tó mọ 4G àti 2G. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa, torí oríṣi kan ní GPS nínú, òmíràn kò ní in, ojú kan náà ni wọ́n jọ ní.

Àìsàn tó ń dààmú àwọn tó ń lo SIM800L jù lọ ni pé ó máa ń kú, kó tún jí, kó tún kú. Wọ́n á ní réseau ni. Iná ni. Nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń fa nǹkan bíi ámpù 2 lójijì, fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bátìrì aláìlágbára kò lè fún un, fólítì á já sísàlẹ̀ 3.4, ó tán. Ẹ fún un ní bátìrì lítíọ́ọ̀mù gidi, kí wáyà rẹ̀ kúrú, kí ẹ sì jó condensateur 1000 µF mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi fólítì 5 kàn án láéláé.

LoRa

Bí réseau bá kú ní ibi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, LoRa ló kù. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, tó ń jẹ́ Cycleo ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Semtech ti Amẹ́ríkà rà á ní 2012. Kì í lo SIM. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń fà á gùn, bí ẹni tó ń ké sí ará oko kejì, kí ẹni tó jìnnà lè gbọ́. Ní gbangba ó ń lọ ní kìlómítà púpọ̀; láàárín ilé àti igi, ẹ má retí ju kìlómítà kan sí mẹ́ta.

Wọ́n ti lò ó nítòsí wa. Ètò WAZIUP, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó lé lórí láti 2016, lò ó ní Saint-Louis, ní Senegal, fún màlúù, nítorí àwọn olè ajímàlúù. Congduc Pham ti yunifásítì Pau fi Arduino Pro Mini àti rédíò RFM95W ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ màlúù lọ́rùn, ó sì fi ìlànà rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé níbẹ̀rẹ̀, kò sí GPS nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kàn ń kígbe lóòrèkóòrè pé “èmi rèé”. Bí ohùn kan bá dákẹ́, wọ́n á mọ̀ pé màlúù yẹn ti jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fi GPS kún un. Fún ìyá àgbà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí ẹbí dìde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dípò aago mẹ́jọ alẹ́.

Wàhálà LoRa ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ agbọ́hùn nílé, tó ní iná ní gbogbo ìgbà, tí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lókè, lórí òrùlé ilé ìwé tàbí orí ọ̀pá gíga. Èrò tiwa ni pé bó bá jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo, kí ẹ lo SIM. Bó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lábúlé kan náà, kí abúlé dáwó LoRa. Ẹ má ra ti 915 MHz, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. 868 ni Yúróòpù ń lò. Ní Benin, ARCEP ló ní àṣẹ lórí ìgbì afẹ́fẹ́, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbé ọ̀pá dúró. Áńtẹ́nà 868 kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ààbọ̀ lọ, ti 433 tó mẹ́tàdínlógún. Ẹ má tan rédíò náà láìsí áńtẹ́nà lára rẹ̀, ó lè jóná.

GPS náà, àti ibi tí a ó wọ̀ ọ́ sí

Èyí rọrùn. NEO-6M ti u-blox tó iṣẹ́ yìí, GPS Amẹ́ríkà nìkan ló sì ń gbọ́. NEO-M8N ń gbọ́ ti Rọ́ṣíà àti ti Ṣáínà pẹ̀lú, ó sàn lábẹ́ igi. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju mítà díẹ̀ lọ. Èyí tó ní bátìrì kékeré bí ẹyọ owó lẹ́yìn ni kí ẹ rà: bí a bá pa á tí a tún tàn án lẹ́yìn ìdajì wákàtí, á ṣì rántí ibi tí àwọn sátẹ́láìtì wà, á sì dáhùn kíákíá. Èyí tí kò rántí nǹkan kan á gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú níta, á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi.

Ìdajì wákàtí yẹn ni ọ̀rọ̀ bátìrì dá lé. NEO-6M ń jẹ nǹkan bíi 45 mA. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí bátìrì 1000 mAh, kò ní pé ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ń tàn án fún ìṣẹ́jú kan ní gbogbo ìdajì wákàtí, 36 mAh ló máa jẹ lọ́jọ́. Rédíò àti ọpọlọ ẹ̀rọ á jẹ tiwọn náà, àmọ́ ẹ ti kúrò ní ọjọ́ kan, ẹ ti bọ́ sí ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ẹ má jẹ́ kí GPS àti SIM ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ariwo SIM ń dí GPS létí.

Ara èèyàn kún fún omi, omi sì ń gbé ohùn sátẹ́láìtì mì. Nítorí náà kí ojú áńtẹ́nà GPS, èyí tó dà bí àwo pẹlẹbẹ, máa wo òkè: èjìká dára, orí gèlè tàbí fìlà dára. Ẹ̀gbà ọrùn tó ń fì lè yí dojú bolẹ̀. Ẹ má fi í sínú agolo mílíìkì, irin kì í jẹ́ kí ohùn wọlé. Ike ni kí ẹ lò, kí òjò àti òógùn má bàa wọ̀ ọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ rán an mọ́ aṣọ tí àgbàlagbà náà fẹ́ràn, èyí tí kì í bọ́ kalẹ̀.

Ohun tí SMS máa sọ

Kétu ìlú wà ní nǹkan bíi 7.36, 2.60. Nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì báyìí kò tó: kìlómítà kan ló wà láàárín 7.36 àti 7.37. Mẹ́rin ni kí ẹ béèrè, ìyẹn á dé mítà mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbé aago tí ẹ̀rọ rí ibẹ̀, kí ẹ sì rántí pé aago GPS fi wákàtí kan lọ́ra ju tiwa lọ. Ẹ fi wákàtí kan kún un nínú ètò rẹ̀, kí ẹni tó ń wá ìyá má bàa rò pé ìròyìn ti di àná. Bí réseau kò bá sí, kí ẹ̀rọ tọ́jú ohun tó rí, kó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí réseau bá padà.

Ẹ sọ fún àgbàlagbà náà ohun tí ẹ rán mọ́ aṣọ rẹ̀, kódà bó bá máa gbàgbé lọ́la, kí ẹ tún sọ fún un. Òfin code du numérique, nọ́ńbà 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, dáàbò bo ìròyìn nípa èèyàn, APDP ló sì ń bójú tó o. Nọ́ńbà fóònù méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹbí ni kí SMS náà máa lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ẹni tó ń sùn ní Okpomèta lálaalẹ́.