Ọjọ́ tí a lọ wo Kamina

Ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá mi gbéra láti Àjàṣẹ́, a gba Hilla-Condji wọ ilẹ̀ Togo, a sì kọrí sí Atakpamé. Òkè àti igbó ni àwọn ọmọ rò pé a ń lọ wò. Wọn kò ṣìnà, nítorí àwọn òkè ibẹ̀ dùn ún wò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí wà ní Kamina, lẹ́yìn ìlú náà, níbi tí koríko àti ìtàkùn ti bo ohun tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ilé-iṣẹ́ Telefunken ti ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́ ilé ẹ̀rọ rédíò síbẹ̀. Láti ọdún 1911 ni Anton Codelli, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó wá láti Ljubljana, ti ń darí iṣẹ́ náà. Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà ró. Èyí tí ó ga jù nínú wọn tó 120 mítà. Agbára ooru omi ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Kamina ń dé Nauen, ní ẹ̀bá Berlin, ìrìn tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ, láìsí okùn kan tí ó so ibi méjèèjì pọ̀. Ìyá mi ní kí n tún ìyẹn sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, ‘Àwọn òyìnbó náà ní oògùn tiwọn.’

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé okùn abẹ́ òkun tí Jámánì fi ń bá òkèèrè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, Kamina di etí àti ẹnu wọn ní apá ibí: òun ni ó ń gba ọ̀rọ̀ láti Nauen, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ojú omi àti sí àwọn ilẹ̀ wọn yòókù ní Áfíríkà. Ìdí nìyí tí ogun fi tètè dé Togo. Àwọn Faransé wọ Aného láti Dáhómè, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba Lomé. Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast, yin ìbọn ní Togo ní ọjọ́ keje oṣù náà. Òun ni wọ́n kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ yìnbọn nínú ogun ọ̀hún láàrin gbogbo ọmọ ogun tí ń sin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn gbà láti Lomé ni àwa náà gbà. Nígbà tí a dé ìlú kan tí a kọ Wahala sí ojú pátákó rẹ̀, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Haúsá tí àwa náà ń lò lójoojúmọ́ ni. Ibẹ̀ ni odò Chra wà. Àwọn ará Jámánì wó afárá, wọ́n gbẹ́ kòtò ogun, wọ́n sì dúró de àwọn tí ń bọ̀. Ìjà ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ le gan-an. Ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Thompson, tí ó ń ṣáájú àwọn tirailleurs ti Senegal, kú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni a sì sin òun àti àwọn tirailleurs tí ó kú pẹ̀lú rẹ̀ sí. A sọ̀ kalẹ̀ ní ibojì náà. A kò pẹ́ níbẹ̀, oòrùn mú jù.

Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́jú ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lulẹ̀, wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, von Doering, tí ó ń di ipò gómìnà mú, túúbá fún Bryant. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta parí ní òru kan.

Ohun tí a bá ní Kamina ni ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti irin tí ó ti dípẹtà. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìfẹ̀-Àná, ni ó mú wa rìn. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn ní èdè Ìfẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n tó sọ gbólóhùn márùn-ún, wọn kò nílò mi mọ́. Mo wá rántí àdéhùn ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje ọdún 1897, tí Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ní Paris: Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, Sábẹ̀ àti Savalou bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Àwọn tí ogun Dáhómè ti jọ fìyà jẹ tẹ́lẹ̀ di aládùúgbò tí ààlà pín níyà. Nígbà tí ogun 1914 dé, a ní kí wọ́n bá ara wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà: nígbà ogun náà, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà Kétu sì sá kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a má baà mú ọmọ wọn lọ ṣe ológun.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ Kamina gan-an. Codelli wà nínú ìwé, Bryant wà nínú ìwé. Ta ni ó gbẹ́ ilẹ̀? Ta ni ó ru irin láti ìdí ọkọ̀ ojú irin dé inú igbó? Ní àkókò àwọn Jámánì, ẹni tí kò bá ní owó orí yóò fi iṣẹ́ agbára san án.

Bàbá náà ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tí ó ru irin. Ó dárúkọ rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi obìnrin mú ìwé rẹ̀ jáde, ó bèèrè bí a ṣe ń kọ ọ́, bóyá bí ti Faransé ni tàbí bí ti Yorùbá. Bàbá ní òun kò tíì rí i níbi tí a kọ ọ́ sí rí. Ọmọ náà kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì.