Ilé Ayọ̀ Tó Di Ilé Òmìnira

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ìlú Allahabad ní Íńdíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Prayagraj láti ọdún 2018, ilé gan-an ni wọ́n sọ lórúkọ, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Anand Bhavan, ìyẹn Ilé Ayọ̀. Ìkejì ni Swaraj Bhavan, ìyẹn Ilé Òmìnira. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín orúkọ méjèèjì.

Lọ́yà tówó ń wọlé fún gan-an ni Motilal Nehru. Ọdún 1900 ló ra ilé náà. Ó fa iná mànàmáná sí i, ó sì ṣe adágún omi tí wọ́n á ti máa lúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aráàlú ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ó rán ọmọ ẹ̀, Jawaharlal, lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ sí Harrow, ó tún lọ sí Cambridge. Kò sí ohun tí ìjọba òyìnbó fi ń ni ìdílé yìí lára nígbà yẹn.

Ní April 13, 1919, àwọn sójà ìjọba òyìnbó yìnbọn fún èrò tó kóra jọ ní Amritsar, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Lọ́dún 1920, Gandhi ní káwọn aráàlú pa ilé ẹjọ́, ilé ìwé àti aṣọ òyìnbó tì. Motilal fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀. Bí owó ṣe dín kù nìyẹn o. Wọ́n kó aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tó wà nílé jọ, wọ́n dáná sun ún. Indira, ọmọbìnrin Jawaharlal, sọ nígbà tó dàgbà pé òun náà sun ọmọlángidi òun, torí pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá.

Ní December 1921, ọlọ́pàá mú bàbá àtọmọ. Ilé ẹjọ́ tún bu owó ìtanràn lé wọn, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Làwọn ọlọ́pàá bá ń wá lemọ́lemọ́, wọ́n ń gbé kápẹ́ẹ̀tì àti àga lọ. Inú ń bí Indira, ọmọ ọdún mẹ́rin, sí wọn.

Nígbà tó yá, Motilal kọ́ ilé tó kéré díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì gbé orúkọ Anand Bhavan lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1930, wọ́n yọ̀ǹda ilé àtijọ́ fún ẹgbẹ́ òṣèlú Congress. Ìgbà yẹn ló di Ilé Òmìnira. Àwọn tó wá wẹ̀ níbi tí odò Ganges àti Yamuna ti pàdé á tún yà wo ìdílé yìí láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Indira ń ṣègbéyàwó nílé yìí lọ́dún 1942, sárì tó wọ̀, òwú tí bàbá ẹ̀ ran lẹ́wọ̀n ni wọ́n fi hun ún. Gbogbo ọdún tí Jawaharlal lò lẹ́wọ̀n tó mẹ́sàn-án. Ní August 15, 1947, Íńdíà gbòmìnira, òun sì ni olórí ìjọba àkọ́kọ́, títí tó fi kú ní 1964. Lọ́dún 1970, Indira fa Anand Bhavan lé ìjọba lọ́wọ́, ó sì di mùsíọ́mù lọ́dún 1971. Yàrá Jawaharlal ṣì wà níbẹ̀, títí kan yàrá tí Gandhi máa ń dé sí.

Àwọn kan á ní ilé olówó ni wọ́n tọ́jú yìí, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà náà ṣẹ̀wọ̀n, wọn ò sì nílé tẹ́nì kankan á tọ́jú. Òótọ́ ni. Òótọ́ tún ni pé ìdílé kan ṣoṣo yìí ló bí olórí ìjọba mẹ́ta: Jawaharlal, Indira àti Rajiv ọmọ Indira. Ká má fi ìyẹn pa mọ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó yẹ káwa ọ̀dọ́ rí dì mú. Ọ̀pọ̀ olórí ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti wọ òṣèlú, ṣe ni ẹrù ń wọlé wọn. Nílé yìí, ẹrù ló ń jáde: kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ, owó lọ́yà, ilé fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ilé olórí kan tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri pé: kí ló kúrò nílé yìí nítorí ìlú?