Òtítọ́ Kì Í Dá Sáré

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá." Ìtùnú la sábà máa ń fi òwe yìí ṣe fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ: kó ṣe sùúrù, ọjọ́ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Kí òtítọ́ tó lé irọ́ bá, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó rí, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ ti gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 1960, Gánà kó ọmọ ogun lọ sí Kóńgò, níbi tí rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Rògbòdìyàn Kóńgò yẹn náà ni Dag Hammarskjöld, Akọ̀wé Àgbà àjọ ọ̀hún, ń wá ọ̀nà láti pa nígbà tí bàálù rẹ̀ já nítòsí Ndola, ní Zambia òde òní, lóru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18, oṣù September 1961. Èèyàn 16 ló kú, òun náà wà lára wọn. Àwọn ará àdúgbò, tó fi mọ́ àwọn tó ń sun èédú nínú igbó, rí iná lójú ọ̀run. Àwọn mìíràn rí bàálù kejì. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìjọba Rhodesia, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ka ẹ̀rí irú wọn sí asán, ó sì di ẹ̀bi ru awakọ̀ bàálù náà. Ó di 2011, nígbà tí ìwé tí Susan Williams kọ nípa ikú Hammarskjöld jáde, kí ayé tó tún tẹ́tí sí wọn. Adájọ́ Mohamed Chande Othman ará Tanzania, tí àjọ náà yàn láti tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún wò, sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kọ lu bàálù náà ni. Àádọ́ta ọdún! Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó rí i ti kú kí ẹnikẹ́ni tó tún bi wọ́n.

Lọ́jọ́ 17, oṣù July 2014, mísáìlì já bàálù Malaysia Airlines lulẹ̀ ní ìlà oòrùn Ukraine, èèyàn 298 sì kú. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Wọ́n ti ya ẹ̀rọ Buk tó ń yin mísáìlì bí ọkọ̀ àjàgbé ṣe gbé e gba Donetsk àti Torez kọjá. Lọ́jọ́ kejì, fídíò kan fi í hàn, mísáìlì kan sì ti dín lórí rẹ̀. Rọ́ṣíà ní ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Ukraine ni wọ́n ti yà á. Àwọn olùṣèwádìí, títí kan ẹgbẹ́ Bellingcat tí Eliot Higgins dá sílẹ̀ lóṣù yẹn gan-an, wo pátákó ìpolówó ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n wo wáyà tó wà lókè, wọ́n sì wá ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bára mu. Luhansk ni, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà. Wọ́n fi òjìji inú fọ́tò mọ aago tí wọ́n yà á. Ní tèmi, ti rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ló jinlẹ̀ jù: bó ṣe fàya àti ibi tó ti fàya bá ti Buk kan mu, èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ti ya sí fídíò ní June, nígbà tí àwọn sójà ń kó o láti Kursk lọ sí ẹnubodè.

Fọ́tò nìkan kọ́ ló dé ilé ẹjọ́. Àwọn olùwádìí orílẹ̀-èdè 5 tún kó ohùn orí fóònù, àfọ́kù mísáìlì àti ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí jọ. Lọ́jọ́ 17, oṣù November 2022, ilé ẹjọ́ Netherlands dá àwọn mẹ́ta lẹ́bi lẹ́yìn wọn, ó sì dá ẹnì kẹrin sílẹ̀. Ìdásílẹ̀ yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé wọ́n wọn ẹ̀rí náà lóòótọ́.

Nígbà tí bàálù Ukraine já ní Tehran lọ́jọ́ 8, oṣù January 2020, tí èèyàn 176 kú, ìjọba Iran ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Fídíò ibi tí mísáìlì ti bà á jáde lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ 11, wọ́n jẹ́wọ́.

Nílùú Accra, a rí bí àwòrán ṣe ń yára tàn kálẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù August 2025, nígbà tí hẹlikópítà ológun tó gbéra níbẹ̀ lọ sí Obuasi já, tó pa èèyàn 8, tí mínísítà méjì wà lára wọn. Ìjàmbá nìyẹn, kì í ṣe ogun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò kan náà ló yẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, irú èyí tí àwọn oníròyìn GhanaFact àti Dubawa ń ṣe. WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti ya fọ́tò kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ya irú rẹ̀ ní Osu tàbí Madina, kó fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù, kó má gé e, kó má kọ nǹkan sí i lára. Bó bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣèwádìí, kó fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó sọ ibi tó dúró sí àti ibi tó kọjú sí.