Àkàbà Ìwé ní Ilẹ̀ Yewa: Ta Ló Kan Ìdábùú Rẹ̀?

Bí a bá ní ẹnì kan ń gòkè láyé, àwòrán àkàbà ló sábà máa ń wà lọ́kàn wa: ìdábùú lé ìdábùú, alágbára gùn ún, ọ̀lẹ dúró nísàlẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún ni pé àwòrán yìí ń di ẹ̀bi ru ẹni tó ń gùn, kì í sì í jẹ́ kí a bi ẹni tó kan àkàbà náà ní ohunkóhun. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ẹ̀rí mi, ọ̀kan ní Ayétòrò, èkejì ní Ìlaròó.

Ní January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí 811,000. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà gírámà há. Iléèwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó kù kò já sí ibì kan: ọmọ parí rẹ̀, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, gírámà kò ráyè fún un. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ya ọ̀lẹ. Ibi tí igi tán sí ló dúró.

Inú ìdààmú yìí ni Comprehensive High School ti bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò lọ́dún 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ USAID àti Yunifásítì Harvard. Lábẹ́ òrùlé kan náà, ọmọ tó ń ka lítíréṣọ̀ àti ìṣirò ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò òwò pẹ̀lú. Ohun tó wú mi lórí ni pé kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ibi tí a ń da àwọn tó fìdí rẹmi sí.

Bẹ́ẹ̀, kí a bu iyì fún iṣẹ́ ọwọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó bá ti ṣe fíríìdọ̀mù ti di ọ̀gá. Kò ní dúró títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi dìde lórí àga. Ọ̀gá kan lè tọ́ ọ̀gá mẹ́wàá kí iyì tirẹ̀ má dín, àní iye ọmọṣẹ́ tó ti tú sílẹ̀ ló ń gbé e ga. Orí àkàbà ìjọba kò gba irú rẹ̀: kí ẹnì kan tó bọ́ sókè, ẹlòmíràn ní láti fún un láyè.

Federal Polytechnic Ìlaròó dé lọ́dún 1979. Láti ìgbà ìgbìmọ̀ Udoji ti 1974, tó yẹ ètò iṣẹ́ ọba wò, ni iṣẹ́ náà ti ní ìpele 17. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó gba HND, ìwé-ẹ̀rí tí politẹ́kíníìkì ń fúnni, kò gbọdọ̀ kọjá ìpele 14 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, àfi tó bá tún lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn. Ìjọba kan náà ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ló yọ ìdábùú mẹ́ta òkè kúrò.

Àwọn kan yóò ní ìdíje ló ń mú ènìyàn ṣe dáadáa. Òótọ́ ni, bí ibi tí a ń sá lọ bá wà fún gbogbo wa. Ẹni tó ń bá ọ̀dọ́ ẹ̀bá bodè Ìdìrókò wí pé fayawọ ló yá a lára, pé kò ní sùúrù láti gun àkàbà, ó yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ka sí èyí tó dúró dè é.

Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982 gbé irú èrò Ayétòrò ká orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ pé ó ba ètò náà jẹ́ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kàn wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ iléèwé, torí pé kò sí iná, kò sí olùkọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìkùnà rẹ̀ wà. Òbí tó mọ̀ pé oníwèé yunifásítì nìkan ni òkè pátápátá wà fún kò ní fi ọmọ rẹ̀ sídìí igi àti irin tinútinú. Ìlànà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ọba ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún kọ, kí a tó tún náwó sórí ẹ̀rọ.