Ta Ni Ọ̀gá Rẹ? Ìtàn Onídùúró àti Yíyan Oníṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Nígbà tí ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn gbóná ní agbègbè Ọ̀ṣun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìkìrun ni àwọn ará Òkukù sá lọ. Ẹ̀bá Ìkìrun yìí náà ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú àwọn Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àjọ ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá. Àwọn tó ń sá àsálà tí wọ́n bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn ni ìjà náà fi gba orúkọ. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ni èyí tó tẹ̀ lé e: nígbà tí àwọn ará Òkukù padà sórí ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n ní láti tún ìlú tẹ̀ dó, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún?

Wọn kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè náà gan-an kò bá ìgbà ayé wọn mu, nítorí pé ilé alámọ̀ jẹ́ iṣẹ́ agbo ilé. N. A. Fádípẹ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tó di ìwé ní 1970, ṣàlàyé ọ̀wẹ̀ àti àáró gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí àwọn Yorùbá fi ń pín iṣẹ́ tó ju agbára ẹnì kan lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò bẹ ẹbí, àna àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Wọn yóò wa amọ̀ nítòsí, wọn yóò bu omi sí i, wọn yóò fi ẹsẹ̀ gún un, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rọ̀ dáadáa. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni gbogbo èyí ń wáyé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, fi yé wa pé koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, tí àwọn ará igbó sì ń lo ewé gbòdógì. Àwọn kan mọ ọwọ́ iṣẹ́ náà ju àwọn yòókù lọ, àwọn ni wọ́n sì máa ń tọ́ ìlà ògiri, ṣùgbọ́n bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún onílé.

Ohun kan wà nínú ilé bẹ́ẹ̀ tó yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí díẹ̀. Àṣìṣe ògiri amọ̀ kì í pẹ́ fara hàn. Bí amọ̀ kò bá gún, tàbí tí wọ́n bá kánjú gbé ìpele kejì lé èkíní, ògiri yóò tẹ̀ tàbí kí ó sán lójú gbogbo agbo ilé kí òrùlé tó dé orí rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n kò sì ní ibi tí yóò sá gbà, nítorí inú agbo ilé kan náà ni òun pẹ̀lú ń sùn. Kò sí ẹni tó ń wá onídùúró, nítorí kò sí àlejò nínú iṣẹ́ náà.

Páànù ló kọ́kọ́ mú àlejò wọ̀ ọ́. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé ti fi ọ̀nà tuntun hàn nínú iṣẹ́ bíríkì àti iṣẹ́ igi. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀gá lórí kíkọ́ rẹ̀, ṣì dúró di òní. Láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọmọṣẹ́ ni ọgbọ́n yìí fi ń rìn wọ inú ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sì ti dé Jẹ́bà ní 1909. Páànù, ìṣó àti símẹ́ńtì òkè òkun wá di ohun tí a lè sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ilé, owó kòkó sì wà láti rà wọ́n. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù sì bò lórí, di àmì pé ọwọ́ ọkùnrin ti tó ẹnu.

Ọ̀wẹ̀ kò lè kan páànù. Òrùlé tuntun ń fẹ́ ẹni tó mọ ayùn, tó mọ bí igi ṣe ń so mọ́ igi tí atẹ́gùn kò fi ní ká a lọ. Àwọn orúkọ tí a fi ń pe àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́rìí sí bí wọ́n ṣe jẹ́ tuntun tó: káfíńtà, bíríkìlà. Òótọ́ ni pé a tún ń pe káfíńtà ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ti ìgbà àtijọ́ ló ń gbẹ́ ère àti òpó ààfin. A lè sọ pé orúkọ àgbà ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ tuntun.

Ibí ni iṣẹ́ P. C. Lloyd ti wúlò jù lọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ètò iṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú Yorùbá, tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa ní 1953, ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín iṣẹ́ àbáláyé bí àgbẹ̀dẹ, tó jẹ́ ti ìdílé, àti iṣẹ́ tuntun bíi káfíńtà àti télọ̀, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà ní olórí, ó ní ọjọ́ ìpàdé, ó sì ní òfin lórí ọmọṣẹ́. Ohun tó yẹ kí a fi kún àlàyé Lloyd ni pé ojú oníbàárà tún yàtọ̀ sí ojú oníṣẹ́. Fún oníṣẹ́, ẹgbẹ́ ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Fún onílé, ẹgbẹ́ rọ́pò ìdílé gẹ́gẹ́ bí onídùúró: bí káfíńtà bá gba owó àsansílẹ̀ tí kò sì padà wá mọ́, ibì kan wà tí a lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, àwọn àgbà kan sì wà tí ojú yóò tì.

Ìkọ́ṣẹ́ ni gbòǹgbò ìdúró yìí. Òbí ni yóò mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, onídùúró yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọmọ náà yóò sì lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ fúrídọ̀mù, ẹbí àti ẹgbẹ́ yóò péjọ, wọn yóò gbàdúrà, ọ̀gá yóò fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wo fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ẹlẹ́rìí ló kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí àgbà kọ́kọ́ ń bi oníṣẹ́ tí kò mọ̀ rí fi jẹ́, “Ta ni ọ̀gá rẹ?” Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ nìkan; ó fẹ́ mọ ẹni tí òun lè ké sí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ètò yìí gbẹ́kẹ̀ lé ohun kan tí kò pẹ́ tó fi sọnù: pé onílé wà nílé. Àwọn ará Ìníṣà wà lára àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò ní àríwá Gáánà, bí ìwé Jeremy Eades tó jáde ní 1993 ti fi hàn. Oníṣòwò tó wà ní Tamale kò lè dúró ti bíríkìlà ní Ìníṣà. Owó ni yóò fi rán èrò tó ń bọ̀ wálé. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ni yóò yan oníṣẹ́, tí yóò ra igi àti páànù, tí yóò sì ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó ń yan oníṣẹ́ àti ẹni tí yóò gbé inú ilé ti di ẹni méjì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gáánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣòwò padà sílé lójijì, ilé tó sì wà lórí ìdúró ni wọ́n bá, kì í ṣe ilé inú lẹ́tà. Kò yẹ kí a ka ìyẹn sí ìtàn ojúkòkòrò àbúrò lásán. Àbúrò náà ń jẹun, ó ní ọmọ nílé ìwé, kò sì sí owó iṣẹ́ kankan tí ẹnikẹ́ni yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹbí ni wọ́n fi ṣe alábòójútó láìsan owó alábòójútó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣì rí fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò orí fóònù ti gba ipò lẹ́tà. Fọ́tò kì í fi ohun tó wà nínú símẹ́ńtì hàn.

Símẹ́ńtì ló sì gbilẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ni bulọ́ọ̀kù ti ń lé ògiri amọ̀ lọ. Ohun tí a sọ lókè nípa amọ̀ wá dorí kodò: àṣìṣe bulọ́ọ̀kù lè fara pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹni tó ń mọ bulọ́ọ̀kù bá fa àpò símẹ́ńtì kan gùn ju bó ti yẹ lọ, tí bíríkìlà bá dín irin òpó kù, tàbí tí wọn kò fún dẹ́kìn lómi mu fún ọjọ́ tó tọ́, rírẹ́ àti ọ̀dà yóò bo gbogbo rẹ̀. Ní 2014, àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà pàṣẹ pé símẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 fún bulọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn, 52.5 fún afárá. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á fún onílé?

Òfin kò ṣàì sí. Òfin ọdún 1989 ló fi ìdí ìgbìmọ̀ CORBON múlẹ̀ láti máa forúkọ àwọn akọ́lé sílẹ̀, Ìlànà Ìkọ́lé Orílẹ̀-èdè sì jáde ní 2006. Ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé ni ìforúkọsílẹ̀ náà wà fún, kì í ṣe bíríkìlà tó ń fi kànga àti ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́ ní Ìníṣà. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba tí wọ́n ń pè ní tirédì-tẹ́ẹ̀sì wà fún irú wọn, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí onílé bèèrè ìwé rẹ̀. Láti ìgbà tí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006, ti wà ní Òkukù, ilé akẹ́kọ̀ọ́ tún ń jáde, àwọn tó ń kọ́ ọ sì ń fẹ́ kí yàrá ti wà nílẹ̀ kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkánjú tí amọ̀ kì í gbà láyè nìyẹn.

Àwọn onílé tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì ń lo ọgbọ́n àtijọ́ lọ́nà tuntun. Wọn kì í wo ilé tí oníṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èyí tí òjò ti pa fún ọdún méjì ni wọ́n ń ní kó mú àwọn lọ wò, wọ́n sì ń bá ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹrù, wọ́n sì ń san án ní ìpele-ìpele: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé. Èyí kò jìnnà sí bí baba wọn ṣe ń dúró kí ìpele amọ̀ kan gbẹ.

Àtúnṣe ilé ẹbí ló ṣòro jù báyìí. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dá owó jọ láti tún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì baba wọn ṣe ní Ìkìrun, bíríkìlà tó kọ́ iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù ni wọ́n sábà máa ń pè, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì pé, ọ̀gá rẹ̀ á sì jẹ́ ẹni àmọ́dájú. Yóò ha ògiri náà, yóò sì fi símẹ́ńtì tó le rẹ́ amọ̀. Símẹ́ńtì kò jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó bá wọlé láti ìpìlẹ̀ tàbí ojú páànù tó jò kò ní rí ọ̀nà jáde, títí tí rírẹ́ náà yóò fi bó lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó dì mọ́ ọn. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ di amọ̀ ti darúgbó. Agbo ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn kò ṣe fúrídọ̀mù, wọn kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan tí onílé lè lọ bèèrè wọn.