Ṣíṣe Agbẹjọ́rò fún Àjọ Ilé-ẹ̀kọ́ nínú Ìgbẹ́jọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe

Èyí ni iṣẹ́ amòfin tó ń gbẹnu sọ fún àjọ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní àdúgbò kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àjọ náà àti òbí ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ kò bá fẹnu kò lórí ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Òfin ọdún 1975, tí orúkọ rẹ̀ di IDEA ní 1990, ló fìdí irú ìgbẹ́jọ́ yìí múlẹ̀. Bí òbí bá pẹjọ́, àjọ ní ọjọ́ 30 láti parí ìjà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá sí ìpàdé ìpẹ̀tùsáàwọ̀ àfi bí òbí bá mú tirẹ̀ wá.

Àkọsílẹ̀ olùkọ́ ló sábà ń gbe agbẹjọ́rò yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nínú ẹjọ́ Endrew F. ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lè mú ọmọ tẹ̀ síwájú bí ipò rẹ̀ ṣe rí, kí àjọ sì lè ṣàlàyé ìpinnu rẹ̀ yékéyéké. Àwọn kan lè sọ pé àjọ ti borí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹjọ́ Schaffer ní 2005 gbé ẹrù ẹ̀rí lé ẹni tó pẹjọ́, òbí ló sì sábà máa ń jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, pàápàá fún òbí tí kò lówó amòfin. Ṣùgbọ́n òfin fún òbí láṣẹ láti wo àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, bó bá sì jàre, ilé-ẹjọ́ lè ní kí àjọ san owó amòfin rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, àjọ ló ń ru ẹrù ẹ̀rí nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.