Owó Udoji: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ìfowópamọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àpà kò mọ̀ pé ohun tí ó pọ̀ ń bọ̀ wá tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa, kí ó wo oṣù kìíní ọdún 1975, nígbà tí a san owó tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí owó Udoji. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ó gbà á.

Ní ọdún 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon yan ìgbìmọ̀ kan, tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò fínnífínní. Wọ́n jábọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, nígbà tí oṣù kejìlá yóò sì fi parí, ìjọba ti fọwọ́ sí àfikún owó oṣù. Ìgbìmọ̀ náà sọ ohun púpọ̀ nípa àtúnṣe iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó wọ aráyé létí. Owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di náírà 60 lóṣù. A sì ní kí á kà á láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974. Ìdí nìyí tí ajẹẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án fi bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba ní owó náà lọ́wọ́, nítorí pé láàrin oṣù kẹwàá ọdún 1973 sí oṣù kìíní ọdún 1974, iye owó epo rọ̀bì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ní ọjà àgbáyé.

Kí ni a fi owó náà ṣe? A kò tí ì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú ìrìn àjò mi láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, mo ti bi àwọn àgbà olùkọ́ léèrè. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní òun ra rẹ́díò ńlá tí ń lu àwo orin, òun sì fi ìyókù ṣe àríyá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni ra páànù, ó fi bo ilé ìyá rẹ̀. Ó ní, “Rẹ́díò tèmi kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi dákẹ́. Òjò kò tí ì wọ ilé ìyá tirẹ̀ di òní.”

Ọjà pàápàá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni da iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn náà lè gba tiwọn. Owó pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n ọjà kò pọ̀ tó o. Ní ọdún 1975 kan náà, ọkọ̀ òkun tí ó lé ní 400 tò sí ẹnu èbúté Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn kó sìmẹ́ńtì, wọn kò sì rí ibi já ẹrù sí. Láàrin ọdún náà, iye owó ọjà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gòkè: ohun tí a ń rà ní náírà 3 di náírà 4.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni èrè ẹni tí ó fi owó pamọ́? Ìbéèrè rere ni. Ní òtítọ́, ẹni tí ó di tirẹ̀ sínú àpótí lásán pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ di ilẹ̀, tàbí òrùlé, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ìfowópamọ́ kì í ṣe kí á sin owó mọ́lẹ̀. Kí á ti mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an kí ó tó dé ni.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé èsúsú: ẹgbẹ́ a máa dá iye kan pàtó ní àkókò kan pàtó, lábẹ́ olórí kan, ẹni tí ó bá sì kàn a kó àpapọ̀ rẹ̀. Báyìí ni tálákà ṣe lè dáwọ́ lé ohun tí owó kékeré kò lè ṣe. Àwọn Haúsá ń pe irú rẹ̀ ní adashi, àwọn Ìgbò ń pè é ní isusu. Àwọn ọmọ wa tí a kó ré òkun sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ọdún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di náírà 70,000. Irú owó báyìí sábà máa ń ní ajẹẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, ajẹẹ́lẹ̀ a sì máa dà bí ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ òógùn ojú wa ni. Ẹ jẹ́ kí á kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe sílẹ̀ kí ó tó wọlé, kí á sì kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà níwájú wa bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.